Ẹ gbà mí o, oníṣòwò Japan wo ni kí ọmọ mi mú? Ọ̀la ni!

Màmá Tòmí: Ẹ kú alẹ́ o. Ọmọ mi fẹ́ sọ̀rọ̀ ní kíláàsì lọ́la nípa oníṣòwò Japan ayé ìgbà 1900 sókè àti ẹbí ẹ̀, ìsinsìnyí ló ń sọ fún mi! Ta ni kó mú?

Adé Nagoya: Toyoda Sakichi. Bàbá ẹ̀ káfíńtà, ìyá ẹ̀ ń hun aṣọ nílé, ibi tó ti ń wo wàhálà ìyá yẹn nídìí òfì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro bó ṣe máa rọrùn, 1891 ló gba patent (ìwé ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀) àkọ́kọ́ fún òfì tó ṣe. Òfì tí wọ́n wá ṣe ní 1924, tí òwú bá já á dúró fúnra ẹ̀. Ẹ mú ọmọ lọ wò ó ní mùsíọ́ọ̀mù Toyota ní Nagoya níbí, ibùdó rélùwéè Sako lẹ ti máa bọ́ọ́lẹ̀.

Kúnlé T: Alẹ́ yìí náà?

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣọ́ra o!! Mo ra nóòtì lórí Sakichi yìí lọ́wọ́ ẹnì kan lórí WhatsApp, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ló dá Toyota Motor sílẹ̀ ní 1937. Ọmọ mi dìde ó kà á, tíṣà ní ṣé òkú ló dá a sílẹ̀ ni, torí 1930 ni bàbá yẹn kú. Ẹkún ló sun délé. Mo pe onínóòtì, ó ti bulọ́ọ̀kì mi.

Sèlí: Ha! Èló lẹ san?

Ìyá Ìbejì: Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n rántí.

Bọ̀dá Wálé: Corolla mi ń jẹ ọ́ìlì, kí ni mo lè ṣe?

Kúnlé T: Kiichiro ọmọ Sakichi ló dá Toyota Motor sílẹ̀.

Adé Nagoya: Risaburo ni ọ̀gá pátápátá àkọ́kọ́.

Kúnlé T: Ọkọ ọmọ nìyẹn! Kodama ni tẹ́lẹ̀, ó fẹ́ Aiko ọmọ Sakichi ni wọ́n bá sọ ọ́ di ọmọ ilé tó ń jẹ́ Toyoda. Ọmọ bíbí wà ńlẹ̀ kí àna wá gorí àga?

Adé Nagoya: Tiwọn kì í ṣe tiwa, ẹ̀gbọ́n. 1941 ni Kiichiro gba ipò ọ̀gá.

Sèlí: Ẹ sọ ti ẹbí gan-an. Tami, ìyàwó àkọ́kọ́, kó jáde kò pẹ́ tó bí Kiichiro, Asako tí wọ́n fẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ ló bí Aiko. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ o!

Adùkẹ́: Mikimoto Kokichi ńkọ́? Bàbá ẹ̀ ń ta udon (núdù Japan) nílùú Toba, òun wá ń sin ìkarahun inú òkun, 1893 ló rí péálì nínú ẹ̀. Òun àti Ume ìyàwó ẹ̀ ni wọ́n jọ jìyà ẹ̀, Ume kú ní 1896, kò rí ṣọ́ọ̀bù péálì tí ọkọ ṣí ní Ginza, ní Tokyo, ní 1899.

Kúnlé T: Ọmọ bíbí wà ńlẹ̀!

Màmá Tòmí: Ẹ ṣé gan-an. Ó ti ń kọ Mikimoto, ó ní ọ̀rọ̀ àna yín ti sú òun. Ọmọ mélòó ni Ume bí?

Adùkẹ́: Márùn-ún, mà.