“Ẹ̀kọ́ ìwà ọmọlúàbí” kò bá a mu

Ẹ̀yin ará, ọ̀kun o. Kábà ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe ethics, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ohun tó tọ́ àti ohun tí kò tọ́, tí èèyàn fi ń gboyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, ní “ẹ̀kọ́ ìwà ọmọlúàbí”. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká gbà á.

Ọmọbìnrin kan ní Ìsánlú fẹ́ kà á, orúkọ yìí ló fi ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀. Bàbá ní, “Ṣé èmi àti ìyá rẹ ò kọ́ ọ níwà ni, tí n ó fi máa sanwó ọdún mẹ́rin lé e lórí?” Bàbá ò jẹ̀bi, ohun tí orúkọ náà sọ fún un ló fèsì sí. Ilé la ti ń kọ́ ìwà ọmọlúàbí. Ẹ̀kọ́ tí à ń wí yìí, ìbéèrè ló ń tọ pinpin: kí ló mú kí èyí tọ́? Bí ohun rere méjì bá forí gbárí, èwo la ó mú?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Kánò. Lọ́dún 1996, nígbà tí yírunyírun ń jà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ apoògùn Pfizer ti Amẹ́ríkà dán oògùn Trovan wò nínú ìwádìí kan tó kó nǹkan bí 200 ọmọ aláìsàn mọ́ra. Ìdajì gba Trovan, ìdajì yòókù gba oògùn mìíràn. Ọmọ 11 kú nínú ìdajì méjèèjì lápapọ̀. Awuyewuye náà dé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà: ṣé àwọn òbí mọ̀ pé ìdánwò ni? Dókítà nìkan ò lè dáhùn ìyẹn. Amòfin á dá sí i, òpìtàn náà á dá sí i, àwa elédè pàápàá: irú gbólóhùn wo ni wọ́n sọ létí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń kú lọ, tí a fi lè ní ó gbà?

Nítorí náà, “àyẹ̀wò ìwà” ni tèmi. Ẹnì kan ti ní àyẹ̀wò ti di ti ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ nílé ìwòsàn. Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ gan-an nìyẹn: àyẹ̀wò kì í woni sàn, ohun tó wà nínú ló ń fi hàn.

Ọ̀rọ̀ wo la ó wá fi sọ pé ẹ̀ka ìmọ̀ púpọ̀ ló pàdé nínú oyè náà? “Ẹlẹ́ka-púpọ̀” kàn ń ka iye ni, kò sọ pé wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ní Yale, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n da ìwà, òṣèlú àti ọrọ̀ ajé pọ̀ di oyè kan ṣoṣo. “Àjùmọ̀ṣe” ló sún mọ́ ọn jù: “oyè àjùmọ̀ṣe nínú àyẹ̀wò ìwà”. Ẹ̀yin ará Yàgbà, Búnú àti Ìjùmú, bí èdè ilé yín bá ní èyí tó dára ju ìyẹn lọ, ẹ gbé e jáde.