Níbo ni mo ti lè rí ámóníà tí wọ́n fi ń yan bisikíìtì àtijọ́ ní Òṣogbo?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ máa ń yan nǹkan. Mo fẹ́ yan bisikíìtì kan látinú ìwé ìdáná àtijọ́ fún ìyá mi, irú èyí tí wọ́n ń fi ámóníà (baker's ammonia, oníyẹ̀fun tí wọ́n fi ń yan nǹkan, kì í ṣe olómi tí wọ́n fi ń fọ nǹkan) mú wú kí baking powder tó gbòde. Mo ti wá a dé Ọjà Ìgbóná àti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta èròjà kéèkì ní Ọláìyá, kò sí. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á? Mo lè fi baking powder dípò, àmọ́ n kò fẹ́ kó rọ̀. Bí bisikíìtì bá fẹ́lẹ́, gbogbo òórùn ámóníà ló máa ń bá ooru lọ, á wá gbẹ, á máa ró kàkà lẹ́nu. Ìyẹn gan-an ló wù mí.

Ìwé náà tún ní ààrò “tó gbóná níwọ̀ntúnwọ̀nsì”. Bíi 180 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì nìyẹn, ṣùgbọ́n ààrò gáàsì mi kò ní nọ́ńbà lára. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti pẹ́ nídìí ààrò, ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ fi ń mọ̀ pé ó ti gbóná tó? Ṣé kí n wọ́n ìyẹ̀fun sórí páànù, kí n wo bó ṣe ń pọ́n?