Ẹ gbà mí o: báwo ni kí n ṣe type tèmi nínú C fún Python?

omo_ekiti: Ẹ kú alẹ́ o. Mo fi C kọ type kan fún Python, Owo lorúkọ rẹ̀. `import` lọ dáadáa, àmọ́ bí mo bá pe `Owo()`, ó ní "cannot create 'owo.Owo' instances". Àárọ̀ ọ̀la ni mo máa fi han ọ̀gá. Ẹ dákun, ọ̀nà wo ni kí n gbà?

mama_ibeji: O ò fi nǹkan kan sí `tp_new`, àyè function tó ń dá object, nìyẹn. Static type (èyí tí a kọ tààrà bíi struct nínú C) tí `object` bá jẹ́ bàbá rẹ̀ kì í jogún un. Fi `PyType_GenericNew` sí i kí o tó pe `PyType_Ready`, tó ń parí ètò type náà. Ó parí.

egbon_leke: Kò parí o! Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, inú `tp_init` (`__init__` ti ẹ̀gbẹ́ C) nìkan la ti ń fi nǹkan sínú pointer inú struct wa. Ẹnì kan kọ subclass tó ní `__init__` tirẹ̀, kò pe `super().__init__()`. Python ò sọ nǹkan kan, ó dá object náà. NULL, pointer tí kò tọ́ka síbì kankan, ló wà níbẹ̀. Method àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kàn án, segmentation fault, gbogbo server kú lóru. Àbúrò, kọ `tp_new` tìrẹ, kí o ti fi nǹkan sínú pointer níbẹ̀.

kola_c: Ẹ̀gbọ́n, `tp_alloc`, tó ń wá memory fún object, ti fi òdo kún ibẹ̀. Ẹni tí kò yẹ NULL wò ló jẹ̀bi.

egbon_leke: Method mélòó lo fẹ́ ti máa yẹ̀ ẹ́ wò? Wọ́n sì lè pe `__init__` lẹ́ẹ̀mejì lórí object kan. Láìsí `Py_XSETREF`, tó ń fi tuntun rọ́pò tó sì ń jọ̀wọ́ ti tẹ́lẹ̀, memory ti àkọ́kọ́ ò ní padà wá mọ́.

sade_l: Ẹ jẹ́ kó lo Cython, èdè tó jọ Python tó ń di C. `__cinit__` rẹ̀, tó ń múra object sílẹ̀ ṣáájú `__init__`, ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dájú.

kola_c: Ṣé alẹ́ òní ló máa kọ́ Cython ni?

mama_ibeji: `Py_XDECREF`, tó ń jọ̀wọ́ object tí NULL kò sì dà á láàmú, ni kó wà nínú `tp_dealloc` (function tó ń ṣiṣẹ́ bí object bá ń kú) o, torí NULL yẹn náà.

omo_ekiti: Ẹ ṣé gan-an. Mo fi `PyType_GenericNew` sí i, ó ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò kọ `tp_new` kankan. `double` (nọ́ńbà onídẹ́símà) kan ṣoṣo ló wà nínú struct mi, kò sí `PyObject *`, pointer sí object Python, tó lè jẹ́ NULL.

egbon_leke: Kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀? Owó nínú `double` kẹ̀? 0.1 + 0.2 ò ní jẹ́ 0.3 gééré. `int64_t` (nọ́ńbà odidi) ni kó jẹ́, kí o fi kọ́bọ̀ ka gbogbo ẹ̀.

omo_ekiti: Ó di ẹ̀yìn ọ̀la, ẹ̀gbọ́n.