TSH mi ti wà níbi tó yẹ, síbẹ̀ àárẹ̀ kò fi mí sílẹ̀: kí ló kù tí mo lè béèrè lọ́wọ́ dókítà?

Abíkẹ́, Leeds

Mo kí gbogbo yín. Àìsàn Hashimoto ló ba thyroid mi jẹ́, ìyẹn ẹ̀yà ara kékeré iwájú ọrùn tó ń ṣe họ́mọ̀nù tí ara fi ń lo oúnjẹ tí ó sì fi ń móoru. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń lo levothyroxine, oògùn tó ń rọ́pò họ́mọ̀nù náà. Dókítà ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé 100 microgram lójúmọ́. Nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí mo ṣe kẹ́yìn, TSH mi, ìyẹn họ́mọ̀nù tí ẹ̀yà kan nísàlẹ̀ ọpọlọ fi ń pàṣẹ fún thyroid, tó máa ń ga bí họ́mọ̀nù thyroid kò bá tó, jẹ́ 2.1. Inú dókítà dùn, ó ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n bí mo bá jí láàárọ̀, ńṣe ló dà bí ẹni pé n kò sùn rárá. Òtútù ń mú mi níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń bọ́ ẹ̀wù òtútù sílẹ̀. Irun orí mi ń re. Mo sì lè ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mejì níbi iṣẹ́ kí ohun tó wà níbẹ̀ tó yé mi. Àwọn ará ilé ní mo ń ronú jù. Mo gbọ́ pé oògùn kan tún wà tó ń jẹ́ T3, àti pé àwọn kan ń lo èyí tí wọ́n fi thyroid ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ ṣe. Ṣé kí n béèrè fún un ni, àbí ohun mìíràn wà tó yẹ kí n kọ́kọ́ wò? Mo tún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ (iron) àti calcium, mo sì máa ń mu kọfí kí n tó jáde nílé.

Apòògùn, Ìbàdàn

Arábìnrin mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ àti calcium tí ẹ dárúkọ ni màá kọ́kọ́ mú. Àwọn méjèèjì máa ń so mọ́ levothyroxine nínú ìfun, wọn kì í jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí wákàtí mẹ́rin, ó kéré tán, wà láàárín wọn. Kọfí náà ń dín in kù. Ẹ fi omi lásán lò ó nígbà tí inú ṣófo, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 30 sí 60 kí ẹ tó fi ohunkóhun mìíràn sẹ́nu. Bí òwúrọ̀ yín bá ń le, ẹ lè gbé e sí alẹ́, bó bá ti tó wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn oúnjẹ.

Òótọ́ ni pé TSH 2.1 fi hàn pé oògùn ń wọlé dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún àkókò rẹ̀ tò, èyí tó ń wọlé lè pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, 100 microgram kan náà sì lè wá pọ̀ jù fún yín. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ tún àyẹ̀wò ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, torí ó máa ń tó bí ọjọ́ méje kí ìdajì oògùn yìí tó kúrò lára, a kò sì lè mọ ibi tí TSH yóò dúró sí bí a bá kánjú.

Nítorí irun tó ń re, mo ní láti béèrè: ṣé ẹ kò lo oògùn irun àti èékánná tí biotin (irú vitamin kan) pọ̀ nínú rẹ̀? Kì í ṣe thyroid ló ń bà jẹ́, àyẹ̀wò ló ń dà rú. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé àyẹ̀wò, ó máa ń mú kí TSH hàn bí èyí tó kéré ju bó ṣe rí gan-an lọ. Ẹ dá a dúró ní ọjọ́ méjì, ó kéré tán, ṣáájú àyẹ̀wò.

Dókítà ẹ̀ka họ́mọ̀nù

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ apòògùn wa. Abíkẹ́, ẹ má ṣe gbà pé ìrònú lásán ni. Nínú 100 ènìyàn tó ń lo levothyroxine, nǹkan bí 5 sí 10 ni ara wọn kì í yá tán bí TSH wọn tilẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n kí a tó di ẹ̀bi ru oògùn, ó yẹ kí a wo àwọn ohun mìíràn tó ń fa irú àárẹ̀ yìí. Hashimoto máa ń wá nígbà tí ara bá ń gbógun ti ara rẹ̀, ó sì ní àwọn ẹlẹgbẹ́: àìtó ẹ̀jẹ̀ tí àìgba vitamin B12 ń fà, àti àìsàn coeliac tí kì í jẹ́ kí ìfun gba oúnjẹ àti oògùn dáadáa. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò ferritin (iron tí ara tọ́jú pamọ́), B12, vitamin D àti ṣúgà. Ti vitamin D ṣe pàtàkì fún aláwọ̀ dúdú tó ń gbé níbi tí oòrùn kì í ti í pọ̀. Ẹ bi ẹni tó ń sùn tì yín bóyá ẹ ń hanrun tí èémí yín sì ń dá dúró lójú oorun.

Ní ti T3, họ́mọ̀nù méjì ni thyroid ń ṣe, T4 àti T3. Levothyroxine jẹ́ T4, ara fúnra rẹ̀ ló sì ń sọ T4 di T3. Láti ìgbà tí àwọn onímọ̀ ti fi èyí hàn lára àwọn tí kò ní thyroid mọ́, ní 1970, ni ọ̀pọ̀ dókítà ti gbà pé T4 nìkan tó. Ní 1999, ìwádìí kan láti Lithuania, tí ènìyàn 33 kópa nínú rẹ̀, sọ pé inú àwọn tó lo méjèèjì pọ̀ dùn sí i, ọpọlọ wọn sì já gaara. Ọ̀pọ̀ ìwádìí tó tẹ̀ lé e kò rí ìyàtọ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú àwọn kan lára wọn, àwọn aláìsàn fẹ́ràn àpapọ̀ náà jù. Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí dókítà fi ilẹ̀kùn yìí sé mọ́ aláìsàn tó ti ṣe gbogbo àyẹ̀wò tókù. Ìlànà ẹgbẹ́ onímọ̀ thyroid ilẹ̀ Yúróòpù ti 2012 gbà kí a dán an wò lábẹ́ àbójútó dókítà họ́mọ̀nù, kí T4 jẹ́ ìlọ́po 13 sí 20 T3, kí a sì dá a dúró bí kò bá sí ìyàtọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. T3 tó pọ̀ jù lè da ìlù ọkàn rú, ó sì lè mú kí egungun fúyẹ́. N kò fẹ́ràn ti ẹlẹ́dẹ̀, nítorí T4 rẹ̀ kò ju bí ìlọ́po mẹ́rin T3 rẹ̀ lọ, T3 inú rẹ̀ sì pọ̀ ju ohun tí thyroid ènìyàn ń ṣe lọ.

Ìyá Dámi, London

Àbúrò mi, mo ń lo àpapọ̀ méjèèjì. Ọpọlọ mi já gaara sí i. Ara tó sanra kò yí padà. Ẹ mọ̀ pé dókítà àdúgbò kì í bẹ̀rẹ̀ T3 fúnra rẹ̀ níbí, dókítà họ́mọ̀nù ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Owó náà wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa lọ́ra: páálí kan tí kò tó £5 ní 2007 ti ju £200 lọ ní 2017, títí àjọ tó ń bójú tó ìdíje ọjà fi bu owó ìtanràn tó ju £100 mílíọ̀nù lọ lé àwọn tó wà nídìí rẹ̀ ní 2021. Ẹ kọ bí ara yín ṣe ń rí lójoojúmọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ rí i, nítorí ìwé yẹn ni wọ́n fetí sí ju ẹnu mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Abíkẹ́, Leeds

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Biotin wà nínú oògùn irun mi, màá sì dá a dúró ṣáájú àyẹ̀wò. Èmi àti ọkọ mi ń gbèrò láti bí ọmọ mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣé ìyẹn yí ohunkóhun padà?

Dókítà ẹ̀ka họ́mọ̀nù

Ó yí i padà gan-an, ó sì dára tí ẹ sọ ọ́. Ọpọlọ ọmọ inú nílò T4 ìyá, T3 tí ìyá bá lò kì í sì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó, nítorí náà levothyroxine nìkan ni kí ẹ dúró lé lórí báyìí. Ẹ sọ fún dókítà yín kí ẹ tó lóyún, kí ó lè gbìyànjú kí TSH yín wà lábẹ́ 2.5. Ẹ bá a ṣe àdéhùn ṣáájú pé, bí àyẹ̀wò oyún bá ti fi hàn pé ó dúró, ẹ óò fi nǹkan bí 25 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún kún oògùn yín, ìyẹn bíi lílo ti ọjọ́ mẹ́sàn-án láàárín ọjọ́ méje, kí ẹ sì lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láìdúró de ìgbà tí wọ́n bá pè yín. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọn yóò fún aboyún náà ní láti jìnnà sí i ní wákàtí mẹ́rin.