Èmi ni mo ń pẹ́, ọmọ mi ni wọ́n ń ti géètì mọ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àkànjí
Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀rọ̀ kan ti fẹ́ sú mi.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọ̀sẹ̀ méjì nínú oṣù ni mo fi ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ẹni tó yẹ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi láàárọ̀ kì í tètè dé, mi ò sì lè fi aláìsàn sílẹ̀ kí n máa lọ. Ìyá mi ló ń sun ilé ti ọmọ, ẹsẹ̀ kò sì jẹ́ kí wọ́n lè rìn jìnnà. Kí n tó sáré délé kí n sì gbé ọmọ dé ilé ìwé, wọ́n á ti ti géètì. Aago 7:45 ni wọ́n ń tì í. Òfin wọn ni pé ọmọ tó bá pẹ́ á dúró síta títí píríọ́dù kejì.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Lọ́jọ́ Àìkú mo ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀ wò. Ó kọ déètì sókè, ó fi rúlà fàlà sábẹ́ rẹ̀, ìyókù funfun báláú. Ojú ewé kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo kà á, ó jẹ́ 14. Mo ní kí ló dé? Ó ní òun ń fi àyè sílẹ̀ kí òun lè dà á kọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ òun.

Mo lọ bá wọn. Wọ́n fa fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé yọ, wọ́n nàka sí ìsàlẹ̀: "Àmì ọwọ́ yín nìyí, màmá." Lóòótọ́, tèmi ni. Ṣé mo ti fọwọ́ ara mi sọ ẹ̀tọ́ mi nù nìyẹn?

Bàbá Ìbejì
Ẹ má bínú sí mi o, ìyá wa, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ilé ìwé tó bá ń gba àwáwí gbogbo òbí, ìgbà wo ló fẹ́ kọ́ ọmọ? Bàbá kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ọmọ rẹ̀ lọ gbafẹ́ fún ọjọ́ méje nígbà tí ilé ìwé ṣì wà nínú sáà. Ilé ìwé ní àwọn kò fún un láyè, ó lọ. Wọ́n bù ú lówó ìtanràn, ó kọ̀, ó ní ọmọ òun ń lọ sílé ìwé déédéé. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ní 2017. Wọ́n ní kí ọmọ máa wá déédéé túmọ̀ sí kó máa wá bí òfin ilé ìwé ṣe là á sílẹ̀. Bàbá pàdánù.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta
Bàbá Ìbejì, ẹ tún un wò. Bàbá ni wọ́n bu owó lé, àbí ọmọ? Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Níbí, ọba ti fi ìka tó ṣẹ̀ sílẹ̀, ti ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ń gé.

Ọmọ Bàbá Olówó
Ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ jàre.

Ìyá Àkànjí
Kí n gbé e lọ síbo? Ó fẹ́ràn ibẹ̀. Àwọn tíṣà wọn sì mọṣẹ́.

Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìntì
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, nítorí èmi náà ti ti géètì mọ́ ọmọ rí. Kì í ṣe ìkà. Bí ọmọ mẹ́fà bá ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni tíṣà máa dúró, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni gbogbo kíláàsì máa yíjú. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sì ti pe orúkọ tán, ilé ìwé gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó wà nínú ọgbà àti ẹni tí kò sí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò ronú kàn títí ọjọ́ kan tí òjò dé bá ọmọ kan lẹ́yìn géètì wa. Òbí ti já a sílẹ̀, ó ti lọ. Àwa kò tíì gbà á wọlé. Ọwọ́ ta ló wà nígbà náà? Tíṣà dúró ní ipò òbí fún ọmọ tó bá ti wà níkàáwọ́ rẹ̀, a wá dọ́gbọ́n fi ọmọ sí àárín méjì, kò sí lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ìyá Àkànjí, ìbéèrè yìí ni kí ẹ bi wọ́n. Mo mọ àwọn ọ̀gá ilé ìwé, èyí ni yóò mú wọn jókòó dáadáa.

Agbẹjọ́rò Inú Ẹgbẹ́
Lórí àmì ọwọ́ yẹn: ohun tí ẹ buwọ́ lù ni pé ẹ ti ka òfin wọn, ẹ ó sì tẹ̀ lé e. Kò sọ ohun tí kò tọ́ di títọ́. Òfin orílẹ̀-èdè ló ń borí ìwé òfin ilé ìwé, nítorí náà ẹ wo ti orílẹ̀-èdè yín. Bó bá jẹ́ ilé ìwé aládàáni, ẹ wo ìwé àdéhùn yín pẹ̀lú.

Ìkéde Àgbáyé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti 1948 sọ ní abala 26 pé òbí ló kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti yan irú ẹ̀kọ́ tí ọmọ rẹ̀ máa gbà. Àwọn òbí máa ń gbé èyí dání bí idà, kò sì gùn tó bẹ́ẹ̀: yíyan ilé ìwé wà níbẹ̀, ṣíṣe òfin fún géètì wọn kò sí níbẹ̀. Ibi tí agbára yín wà gan-an ni ẹ̀tọ́ ọmọ fúnra rẹ̀. Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 1989, tí gbogbo orílẹ̀-èdè inú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti gbà wọlé àfi Amẹ́ríkà, sọ ní abala 28 pé ìbáwí ilé ìwé gbọ́dọ̀ bá iyì ọmọ mu. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àdéhùn náà fi kún un ní 2001 pé ọmọ kì í pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ nítorí pé ó gba géètì ilé ìwé wọlé. (Tiyín tilẹ̀ ṣì wà níta.)

Ẹjọ́ kan tún bá tiyín tan. Ní Scotland lọ́dún 1976, ọmọkùnrin kan kọ̀ kí wọ́n na òun, àwọn òbí rẹ̀ náà sì kọ̀. Ilé ìwé ní kó máa lọ sílé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún ẹ̀kọ́ kan tí kò fi padà. Ní 1982 Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù dájọ́ pé wọ́n ti fi ẹ̀kọ́ dù ú. Mi ò ní kí ẹ pe ẹjọ́ o. Owó agbẹjọ́rò á ju owó ilé ìwé lọ, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Wa
Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ fi déètì sí i, ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan. Ẹ kọ́kọ́ gbà pé ẹ̀ ń pẹ́ lóòótọ́, kó má di pé wọ́n á kọ́kọ́ jà yín lórí ìyẹn. Ẹ mú ìwé ìṣirò yẹn dání, ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni o, ṣé ẹ ti bi ọmọ léèrè ohun tó rí sí i? Abala 12 àdéhùn tí agbẹjọ́rò sọ yẹn ní kí a máa gbọ́ tẹnu ọmọ náà.

Ìyá Àkànjí
Mo bi í. Ó ní ìdúró kò dun òun, àwọn tó ń yọjú lójú fèrèsé ló ń dun òun.

Ìyá Àkànjí (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan)
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ṣe bí Àǹtí ṣe wí. Ọ̀gá ilé ìwé ṣí ìwé náà, wọ́n ń ṣí i lọ, wọ́n ń ṣí i lọ. Mo wá béèrè ìbéèrè Tíṣà: ọwọ́ ta ni ọmọ wà láàárín aago 7:45 sí píríọ́dù kejì? Wọn ò dáhùn, wọ́n pe igbákejì wọlé.

Wọn ò yí aago padà o. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé, ọmọ tó bá pẹ́ á gba ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wọlé, òbí ló máa buwọ́ lu ìwé apẹ́lẹ́yìn, ọmọ á jókòó sẹ́yìn kíláàsì láìsọ̀rọ̀. Bí òbí bá buwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀marùn-ún, òbí ni wọ́n máa pè. Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan náà sì ti gbà láti máa yà gbé e láwọn ọ̀sẹ̀ tí mo bá wà lálẹ́. Mo kọ ìwé àṣẹ fún ilé ìwé pé kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ewé 14 yẹn ló kù. Tíṣà ìṣirò ní kó máa wá bá òun nígbà ìsinmi ọ̀sán, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Bàbá Ìbejì
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń pẹ́ wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín ńkọ́, ta ló ń ti géètì mọ́ òun?

Ìyá Àkànjí
Mo ti kọ lẹ́tà tiẹ̀ náà, sà. Mo fi déètì sí i.