Ilé Ẹ̀yẹ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ẹyẹ

Àbúrò_Adó: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún àṣekágbá ni mo wà ní yunifásítì. Mo kà nípa àwọn tó ń fi ìyẹ́ mọ ohun tí ẹyẹ òkun ń jẹ láàárín agbami, níbi tí ojú èèyàn ò tó. Èkìtì ò ní òkun, lékeléke la ní. Mo fẹ́ fi àwọn tó ń rìn nínú oko ìrẹsì Ìgbẹ́mọ̀ wé àwọn tó ń tẹ̀lé màlúù. Ṣé kí n kàn máa ṣa ìyẹ́ tó já bọ́ nílẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n pa wọ́n la ikùn.

Bàbá_Kẹ́míìsì: O káre, àbúrò. Oúnjẹ òní nìkan ni ikùn máa sọ, èyí tó rọ̀ níbẹ̀ á sì ti dà kó o tó débẹ̀. Ohun tí ẹyẹ jẹ ló fi ń mọ ara. Kábọ́ọ̀nù àti náítírójìn inú oúnjẹ ní èyí tó wúwo àti èyí tó fúyẹ́. Wọ́n á sun ìyẹ́ tí kò ju nǹkan bíi mílígíráàmù kan lọ di gáàsì, ẹ̀rọ á wá yà wọ́n sọ́tọ̀ bí ìgbà táwọn ìyá wa bá ń fẹ́ ìrẹsì. Náítírójìn tó wúwo máa ń fi nǹkan bíi 3 sí 4 nínú ẹgbẹ̀rún lé sí i nígbàkúùgbà tí ẹran kan bá jẹ òmíràn. Ìdí nìyẹn tí náítírójìn wíwúwo ara ẹyẹ òkun tó ń jẹ ẹja fi ń pọ̀ ju ti èyí tó ń jẹ edé wẹ́wẹ́ lọ. Láti 1994 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Keith Hobson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi to àwọn ẹyẹ òkun àríwá Pàsífíìkì ní ipele-ipele, gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n ń jẹ.

Kábọ́ọ̀nù ni tìrẹ máa wà. Nínú ẹgbẹ̀rún náà la fi ń wọn èyí tó wúwo; àmì − túmọ̀ sí pé ó kéré sí ti òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò. Ìrẹsì, ẹ̀gẹ́, iṣu, kòkó: nǹkan bíi −27. Àgbàdo, ìrèké àti ọ̀pọ̀ koríko tí màlúù ń jẹ nílẹ̀ wa: nǹkan bíi −13. Tata jẹ koríko, lékeléke jẹ tata, àmì náà bá a dé ara ẹyẹ.

Ọmọ_Ìdó: Ẹ ò kúkú bi lékeléke fúnra rẹ̀ 😂

Ìyá_Olóko_Ìgbẹ́mọ̀: Ìgbà tá a bá ń kórè, tí ọyẹ́ ń bọ̀, ni wọ́n máa ń dé sọ́dọ̀ wa. Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ ò ní rí wọn mọ́ o.

Àgùnbánirọ̀_Àná: Ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ yìí ló ṣe pàtàkì jù. Òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ wọn ń lọ pamọ sí lásìkò òjò. Nígbà tí mo ń sìnrú ìlú ní Sókótó, ìtẹ́ wọn kún orí igi ẹ̀yìn ilé wa. Mo gùn ún lọ wò, ọmọ ẹyẹ kan bá bì sórí fìlà mi: tata márùn-ún, ọ̀kan ṣì ń ta ẹsẹ̀, àti itan ọ̀pọ̀lọ́ kan. Bí ìyẹ́ bá sì ti hù tán, ó tán nìyẹn. Oúnjẹ ìgbà tó ń hù ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó o ṣà ní Ìgbẹ́mọ̀ lè jẹ́ Sókótó ló ti hù. Wàá máa kọ̀wé nípa tata Èkìtì, tata Sókótó lò ń kà.

Àbúrò_Adó: Háà! Kí ni kí n wá ṣe?

Bàbá_Kẹ́míìsì: Èmi gan-an ò rántí ìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ á sọ ti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ṣùgbọ́n dókítà ẹran ni kó gbà á, má dán an wò. Èékánná wà. Kì í yéé hù, ṣùgbọ́n ṣónṣó rẹ̀ ló pẹ́ jù, oúnjẹ oṣù mélòó kan sẹ́yìn ló wà níbẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n ti pẹ́ ní Ìgbẹ́mọ̀ kó o tó gé e díẹ̀. Gba ìwé àṣẹ kó o tó fọwọ́ kan ẹyẹ kankan. Kó tata àti ọ̀pọ̀lọ́ ibi méjèèjì náà, torí bí o kò bá mọ iye ti oúnjẹ, kí lo fẹ́ fi ti ẹyẹ wé? Àpò ìwé ni kó o kó gbogbo rẹ̀ sí. Ọ̀rá ni mo lò nígbà tèmi, ọ̀rinrin mú un, gbogbo rẹ̀ bu.

Ìyá_Olóko_Ìgbẹ́mọ̀: Ní kékeré, àwa là ń na èékánná sí lékeléke pé kó fún wa ní funfun. Tirẹ̀ lẹ wá fẹ́ gé báyìí?

Àbúrò_Adó: Ṣónṣó lásán ni, Mà 🙏 Ìgbà wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀ ìkórè?