Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: receiver àti sípíkà fún pálọ̀, owó ọwọ́ mi kò ju 400,000 náírà lọ

Àkàndé_Bódìjà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Pálọ̀ mi kò tóbi, ẹsẹ̀ bàtà 14 sí 12, tẹlifíṣọ̀n ínṣì 43 ló wà níbẹ̀. Bàbá mi ti pé ẹni ọdún 74, wọ́n máa ń wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ wa, fíìmù Yorùbá ni wọ́n sì fẹ́ràn jù. Àmọ́ bí orin bá ti wọlé sábẹ́ ọ̀rọ̀ báyìí, wọn kì í gbọ́ ohun táwọn òṣèré ń sọ mọ́. "Kí ló wí?" Bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá nínú fíìmù kan. Bí mo bá gbé ohùn sókè, orin ni yóò máa pariwo, ọ̀rọ̀ náà kò ní yé wọn síbẹ̀.

N kò mọ nǹkan kan nípa home theatre. Mo rí ọ̀kan ní Dùgbẹ̀, wọ́n kọ 12,000 watt sára páálí rẹ̀. Ẹnì kan ládùúgbò wa náà fẹ́ ta receiver tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé bọ̀ láti Amẹ́ríkà fún mi lówó pọ́ọ́kú. Èwo ni kí n rà nínú méjèèjì? Iná wa kì í dúró o, inverter la fi ń gbé e nígbà míì.

Bàbá_Gángan

Àkàndé, o káre tó o bèèrè kó o tó náwó.

12,000 watt yẹn, má tẹ̀ lé e. Wò ó dáadáa, wàá rí P.M.P.O. lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iye tí wọ́n ní ẹ̀rọ náà lè tu jáde ní ìṣẹ́jú akàn nìyẹn, kì í ṣe èyí tó lè gbé fún wákàtí kan. RMS ni kó o máa bèèrè, ìyẹn agbára tó lè máa gbé láìdúró. Yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà wò, ka iye iná tó ń jẹ. Bí wọ́n bá kọ 60 watt síbẹ̀, níbo ló ti máa rí 12,000 tó fẹ́ tu jáde? Inú páálí yẹn, ẹ̀rọ àti sípíkà ti di ọmọ ìyá kan tí a kò lè pín níyà. Sípíkà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 3 tàbí 4 ohm (ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná), receiver gidi, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba ohùn tẹlifíṣọ̀n tó sì ń pín in fún sípíkà, sì ń retí 6 sí 8. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá kú, sípíkà náà kò wúlò fún ohun míì.

Ohun tí bàbá nílò ni sípíkà àárín. Nínú fíìmù tí ohùn rẹ̀ jẹ́ 5.1, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì, àárín, àti méjì tẹ̀yìn ló para pọ̀ jẹ́ 5 yẹn. Wúfà ni 1 tó kù. Àárín ni wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu sí jù. Fíìmù Yorùbá tí à ń wò lórí YouTube, stereo ló sábà máa ń jẹ́, ọ̀tún àti òsì nìkan. Má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà ọ́. Receiver ní ohun tí wọ́n ń pè ní Pro Logic II, Dolby Surround ni orúkọ rẹ̀ nínú àwọn tuntun. Ohun tó bá dọ́gba ní ọ̀tún àti òsì ni yóò ṣà jọ, yóò kó o lọ sí àárín. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló sì sábà máa ń dọ́gba bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ inú menu, gbé sípíkà àárín nìkan sókè ní 3 tàbí 4 dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ń ròkè tó). Ọ̀rọ̀ á jáde, orin á dúró sí àyè rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ohùn ló gbé èdè wa. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: bí sípíkà bá da àárín ohùn rú, etí tó ti dàgbà ni yóò máa ṣiṣẹ́ àròpọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń fi gángan dán sípíkà wò, n kì í fi orin tó kàn ń lù kìì kìì dán an. Wá orin jùjú tàbí fújì tí gángan ti ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, èyí tó o mọ ohun tó ń wí tẹ́lẹ̀. Bó o bá gbọ́ ibi tí onílù ti fún ìlù mọ́ ìhà tí ohùn sì gòkè díẹ̀díẹ̀, sípíkà yẹn dára. Bí gbogbo rẹ̀ bá di gbì, gbì, gbì, fi í sílẹ̀ bó ti wù kó tóbi tó.

Owó rẹ: má fi ju ìlàjì lọ ra receiver. Mẹ́ta iwájú ni kó o kọ́kọ́ rà, kó sì jẹ́ pé ìyá kan náà ló bí wọn, kí ohùn má máa pààrọ̀ àwọ̀ bí ènìyàn bá ń rìn kọjá nínú fíìmù. Tẹ̀yìn àti wúfà lè dúró di ọdún tó ń bọ̀. Wàá kàn sọ fún receiver nínú menu pé wọn kò sí, yóò sì pín iṣẹ́ wọn fún àwọn tó kù.

Ọwọ́_Iṣẹ́_Alábà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Iṣẹ́ títún irú ẹ̀rọ yìí ṣe ni mò ń ṣe lọ́jà Alábà.

Receiver Amẹ́ríkà yẹn, ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà iná ti wọlé. AC 120V, 60Hz ni wàá rí. Iná tiwa 230V ni, 50Hz. Oníbàárà mi kan ra irú rẹ̀ pẹ̀lú step-down (ẹ̀rọ tó ń fa 230V wálẹ̀ sí tiwọn), ọjọ́ kan ọmọ rẹ̀ ń gbálẹ̀, ó yọ plug, ó sì tì í bọ ara ògiri tààrà. Nígbà tí mo ṣí i, ọ̀dà ara transformer ti yọ́ sílẹ̀, wáyà inú rẹ̀ ti dúdú. Owó tó fẹ́ fi tún un ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó òmíràn. Bí o bá ṣì fẹ́ ẹ, ra step-down 500 watt sókè, kó o sì fi téèpù lẹ plug mọ́ ọn pátápátá. Ní tèmi, tòkúnbọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kó o wá, 230V ni tiwọn náà.

Nínú tuntun, Yamaha RX-V385, Denon AVR-X250BT àti Sony STR-DH590 ni wọ́n ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, sípíkà márùn-ún àti wúfà ni gbogbo wọn ń gbé. Ṣùgbọ́n tuntun lè gbé owó rẹ mì kó o tó dé orí sípíkà. Tòkúnbọ̀ Yamaha RX-V tàbí Denon AVR tó ní HDMI ti tó fún iṣẹ́ rẹ. Rí i dájú pé ARC (ọ̀nà tí ohùn ń gbà padà láti tẹlifíṣọ̀n) wà lára HDMI tó lọ sí tẹlifíṣọ̀n, kí ti tẹlifíṣọ̀n rẹ náà sì ní i. Wáyà kan ṣoṣo ni yóò gbé ohùn wálé.

Bó o bá dé ọjà, má sanwó lójú ẹsẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n tan án sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ó yẹ kó o gbọ́ "kọ́" nínú rẹ̀, ìyẹn relay ló ń ṣílẹ̀kùn fún sípíkà. Bí PROTECT bá ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀, máa lọ. Kó àwòrán gba inú HDMI rẹ̀ kọjá lọ sí tẹlifíṣọ̀n wọn, ẹ̀ka HDMI ló sábà máa ń kọ́kọ́ kú. Jẹ́ kí test tone (ariwo ìdánwò inú receiver) kọ sí gbogbo ẹnu sípíkà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Béèrè rìmóòtù àti máìkì kékeré tó bá a wá, nítorí láìsí rìmóòtù, òmíràn wà tí o kò ní lè wọ menu rẹ̀.

Sípíkà: ṣí ojú rẹ̀, fi ìka kan etí rọ́bà tó yí i ká. Èyí tó jẹ́ fóòmù máa ń rà bó bá ti ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, yóò máa rún sọ́wọ́ rẹ bí búrẹ́dì tó ti gbẹ. Rọra fi ìka mẹ́rin tì í wọlé. Bó bá ń ha, wáyà inú rẹ̀ ti ń kan irin.

Táyélolú

Ẹ má bínú ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, soundbar, sípíkà gbọọrọ kan ṣoṣo tó ń dúró sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ńkọ́? Kò ní wàhálà wáyà.

Bàbá_Gángan

Táyé, kò burú fún ẹni tí kò ní àyè. Bí ó bá rí èyí tó ní sípíkà àárín tirẹ̀ (3.1 ni wọ́n máa ń kọ sára rẹ̀), ọ̀rọ̀ á já geere. Ṣùgbọ́n bí ó bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe? Sípíkà gidi tí mo rà ṣì ń kọrin, receiver kẹta ni mo ti fi gbé e yìí.

Àǹtí_Peckham

Àkàndé, ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. London ni mo wà. Ọ̀pọ̀ sípíkà Wharfedale, Mission àti Tannoy ni àwọn ènìyàn ń jù sílẹ̀ níbí nítorí pé soundbar ló kù tí wọ́n fẹ́. Ṣọ́ọ̀bù àánú ti ta Wharfedale Diamond méjì fún mi ní £25, wọ́n ti wà ní yàrá mi fún ọdún mẹ́fà. Bí ẹ bá ní ẹni tí ń fi drọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sílé, ẹ bẹ̀ ẹ́. Kí ó fi aṣọ wé wọn nípọn, kí ojú sípíkà méjèèjì kọjú síra wọn, kí ó sì gé páálí líle sí àárín wọn. Èyí tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Abẹ́òkúta, ẹsẹ̀ àga ló gún ojú rẹ̀ wọlé. Ó dùn mí títí dòní.

Àkàndé_Bódìjà

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìbéèrè méjì ló kù. Receiver kan tí mo rí jẹ́ 70 watt, sípíkà jẹ́ 100. Ṣé kò ní kéré? Wáyà wo ni kí n rà?

Bàbá_Gángan

Kò ní kéré. 100 yẹn ni ohun tí sípíkà lè fara dà, kì í ṣe ohun tó gbọ́dọ̀ jẹ. Nínú pálọ̀ rẹ, bí ẹ bá ń wo fíìmù jẹ́ẹ́jẹ́, watt díẹ̀ péré ló ń ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà tó yẹ kó o wò ni ti dB lẹ́yìn sípíkà, ìyẹn bó ṣe ń dún tó lórí watt kan. Wharfedale Diamond 9.1, fún àpẹẹrẹ, 86 dB ni, 6 ohm. Èyí tó bá jẹ́ 89 yóò dún tó o pẹ̀lú ìdajì watt tí ìyẹn ń jẹ, nítorí gbogbo 3 dB tó bá lé, ìlọ́po méjì agbára ni. Èyí tí mo bẹ̀ ọ́ ni pé bí ohùn bá ti ń ya, dá a sílẹ̀ kíá. Receiver kékeré tí wọ́n fipá mú kọjá agbára rẹ̀ ló ń jó sípíkà kékeré orí òkè.

Wáyà: lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta wáyà iná ilé, ra 1.5mm olókùn méjì tó jẹ́ bàbà gidi. Fi ọ̀bẹ họ ọ́: bí funfun bá yọ lábẹ́ pupa, alumíníọ̀mù tí wọ́n kùn ni.

Ìyá_Ìbejì_Mushin

Ẹ kú ọgbọ́n o. Ẹ̀yin bàbá kò tíì sọ̀rọ̀ ọmọ àti aládùúgbò. Àwọn ìbejì mi ti fi ìka tẹ ojú kékeré òkè sípíkà wọlé bí ẹni ń tẹ àkàrà, kò sì jáde mọ́. Ẹ ra èyí tó ní ìbòjú irin, kì í ṣe aṣọ. Ilé wa, ògiri kan náà la jọ ní pẹ̀lú yàrá kejì, nítorí náà bó bá ti di aago mẹ́sàn-án, mo máa ń tan ohun tí receiver pè ní Night tàbí DRC. Ó máa ń fa ariwo ìbọn sílẹ̀, ó máa ń gbé ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sókè. Bàbá Àkàndé á fẹ́ràn rẹ̀ lọ́sàn-án pàápàá.

Ẹ má ti receiver mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù o. Ó ń gbóná, ẹ jẹ́ kí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ṣí lókè rẹ̀. Kí ẹ sì fi AVS sáàárín rẹ̀ àti NEPA, kí iná tó bá dé pẹ̀lú ìbínú kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Àkàndé_Bódìjà

Mo ti padà dé, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tòkúnbọ̀ Yamaha oní 230V ni mo rà, 150,000. Wharfedale Diamond méjì àti àárín tí ìyá kan náà bí, 170,000. AVS, wáyà àti HDMI kó díẹ̀ nínú èyí tó kù. Mo fi receiver Amẹ́ríkà yẹn sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, inú mi bàjẹ́ gan-an. Ńṣe ni ohùn ń dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò, kò sí ìsàlẹ̀ rárá. Mo pa fáànù, mo gbé máìkì sórí àga bàbá níbi tí etí wọn máa ń wà, mo ní kí receiver wọn ara rẹ̀. W-1 ló kọ sójú tẹlifíṣọ̀n: OUT OF PHASE, sípíkà òsì. Mo yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, pupa ti wà nínú dúdú. Mo yí i padà, yàrá sì kún.

Bàbá dé lọ́jọ́ Sátidé. A fi fíìmù ọba kan sí i, mo gbé àárín sókè ní 3 dB bí ẹ ti wí. Ìdajì fíìmù kọjá, wọn kò bèèrè nǹkan kan. Nígbà tí ọba ń jáde láàfin, wọ́n gbé ọwọ́ sókè: "Ṣé o gbọ́ ohun tí gángan yẹn ń wí? Oríkì baba ọba yẹn ló ń kì, kì í ṣe tirẹ̀." N kò gbọ́ ọ. Mo dá fíìmù padà, a tún un gbọ́, bàbá ń fi ẹnu tẹ̀ lé ìlù náà ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan títí ọba fi jókòó.